Èsì wa sí oníbàárà tó ra ìwé Kong, tó ní odi ni òun bá níbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ojúmọ́ o. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa ìwé Kong: King of Skull Island tí ẹ rà lọ́wọ́ wa, mo sì rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa. Ẹ ní ọmọ yín, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti ń retí Kong, ìnàkí òmìrán inú fíìmù tó gun ilé gíga ní New York. Ìwé dé, ẹ ṣí i, ọkùnrin kan tó ń wá bàbá rẹ̀ lẹ bá níbẹ̀, àti ìyá arúgbó kan tó ń pìtàn, “àti odi, odi, odi ṣáá.” Ẹ tún ní igun èèpo ìwé ti ká, àti pé òǹtẹ̀ ilé ìkàwé kan wà lójú ewé kìíní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba èyí tó jẹ́ ẹ̀bi mi. Ẹni tó ra ewúrẹ́, tó délé tó bá àgùntàn, ó yẹ kó pariwo. “Ìwé Kong, àwòrán rẹpẹtẹ” ni mo kọ síbi tí mo ti ń polówó rẹ̀, mi ò sì fi kún un pé ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ti tún un kọ láàárọ̀ yìí. Igun tó ká yẹn, mo rí i nígbà tí mo ń fi náílọ̀nù wé ìwé, ó sì yẹ kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ní ti òǹtẹ̀, ìwé tòkunbọ̀ ni. Ilé ìkàwé ilẹ̀ òkèèrè máa ń ta ìwé tí wọ́n bá yọ kúrò lórí àtẹ, òǹtẹ̀ kejì tó wà lábẹ́ àkọ́kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò jí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ odi yẹn, ògiri ńlá tó wà ní erékùṣù Kong, ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi láyè kí n sọ tẹnu mi, nítorí odi gan-an ló mú kí n ra ìwé náà sílé ìtajà.

Fíìmù King Kong jáde ní New York ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 1933. Merian C. Cooper àti Ernest B. Schoedsack ló darí rẹ̀. Kong tí ẹ rí tó ń fọ́ ilé yẹn, ère kékeré tó ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ ni Willis O'Brien ń sún díẹ̀díẹ̀, tó ń ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń sún un, títí ó fi dà bí ohun tó ń rìn fúnra rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí Skull Island, erékùṣù tí Kong ń gbé nínú fíìmù yẹn, Carl Denham, ọkùnrin tó ń ṣe fíìmù nínú ìtàn náà, sọ fún àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ pé odi kan wà níbẹ̀, ó ti pẹ́ débi pé àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gbàgbé àwọn tó kọ́ ọ. Ó sọ ọ́ tán, fíìmù sì sáré kọjá. A wá dé ìdí odi, a rí ilẹ̀kùn tó tó kí Kong gbà jáde. Ta ni yóò kọ́ odi láti fi sé abàmì ẹranko mọ́ta, tí yóò tún ṣe ilẹ̀kùn tó gba ẹranko ọ̀hún sí i lára? Láti kékeré ni ìbéèrè yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Ayàwòrán ni Joe DeVito. Òun ló ya àwòrán inú ìwé tí ẹ rà, òun pẹ̀lú Brad Strickland àti John Michlitsch ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lórí ìtàn rẹ̀, ìdílé Cooper sì fọwọ́ sí i. Ọdún 2004 ló jáde. Ibi tí fíìmù parí sí ló ti bẹ̀rẹ̀: Kong já láti orí Empire State Building, ó kú, òkú rẹ̀ pòórá, Carl Denham náà pòórá. Ó di ọdún 1957 kí Vincent, ọmọ Denham, tó padà lọ sí erékùṣù láti wádìí. Ibẹ̀ ni ìyá arúgbó Apìtàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí nǹkan ṣe rí nígbà tí Kong ṣì kéré. Àwa náà, bí a bá fẹ́ sọ ìtàn akọni, ṣé ọjọ́ ikú rẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ ni? Oríkì ìran rẹ̀ la kọ́kọ́ ń kì.

Ẹ ní Pòkà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ lẹ ń gbé. Ẹ̀yin náà mọ Erédò Sùngbọ́ dáadáa, yàrà jíjìn tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́, tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ mọ òkìtì bí odi. Mo wà ní kíláàsì 5 nígbà tí olùkọ́ wa kó wa lọ síbẹ̀. Inú rẹ̀ tutù, ewé bo òkè, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ga débi pé mo ní láti gbórí sókè pátápátá kí n tó rí ojú ọ̀run. Níbi tó jìn jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó nǹkan bí mítà 20, gbogbo rẹ̀ sì ju kìlómítà 160 lọ yí ká ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn àgbà wa ní Bílíkísù Sùngbọ́ ló ní kí wọ́n wà á, opó olówó tí kò bímọ, kí orúkọ òun má baà parun. Mo bi olùkọ́ pé irú ọkọ́ wo ni wọ́n fi wà á, èèyàn mélòó ni, kí ni wọn ò fẹ́ kó wọlé. Ó ní kí n máa rìn, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Nígbà tí mo ṣí ìwé DeVito, tí mo rí odi yẹn nínú àwòrán, tí èèyàn rí tíńtín nísàlẹ̀ rẹ̀, inú yàrà Erédò ni ọkàn mi lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbà pé odi ń dí ìtàn lọ́wọ́. Mi ò ní sọ ohun tí ìwé sọ nípa ilẹ̀kùn náà síbí, torí àwọn tí wọn ò tíì kà á.

Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ bá ń ka èsì yìí, DeVito àti Strickland tún ṣe apá méjì mìíràn, King Kong of Skull Island: Exodus ni àkọ́kọ́, The Wall ni èkejì. Ìwọ̀nyẹn tún padà sẹ́yìn jùyẹn lọ, sí ìgbà pípẹ́ kí Denham tó mọ̀ pé erékùṣù kankan wà. Bó bá jẹ́ New York nìkan lẹ fẹ́, ẹ má rà wọ́n lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo lè ṣe rèé. Ẹ dá ìwé padà, kí n san owó yín pé pérépéré, pẹ̀lú owó ọlọ́kadà tó gbé e wá. Tàbí kí n fi ìwé Delos Lovelace pààrọ̀ rẹ̀ fún yín: ìtàn fíìmù yẹn gan-an ni, ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1932, kí fíìmù fúnra rẹ̀ tó dé sinimá. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi, mo ti yọ ọ́ sọ́tọ̀ de ọmọ yín, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gún régé. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, màá dá ₦2,000 padà nítorí igun tó ká. Kó máa wo àwòrán ná, kí ẹ̀yin máa ka ohun tí ìyá Apìtàn sọ sí i létí lálaalẹ́, torí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le díẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la máa ń ṣí, àyàfi ọjọ́ Sunday. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọmọ náà dání. Mo fẹ́ bi í bóyá ó ti wọnú yàrà Erédò rí.