Ohùn yín ti tó, páálí oògùn dà?

Ohùn ìyá ọmọ kan tún ń kiri lórí WhatsApp. Àjàṣẹ́ ti gbọ́ ọ tán, ó ti gba Kétu kọjá, wọ́n á ti máa fi ránṣẹ́ síra wọn ní Ṣábẹ̀ẹ́ báyìí. Ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀: wọ́n fún ọmọ òun lóògùn, ẹnu ọmọ bó, ojú rẹ̀ pọ́n, awọ ara wá ń ṣí bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. "Ẹ má lò ó mọ́ o, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé!" Oògùn wo? "Oògùn funfun kan báyìí."

Mo gba ìyá yìí gbọ́. Ẹni tó bá mọ oògùn á ti máa fura sí cotrimoxazole, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Bactrim. Ó máa ń ṣe irú èyí lára ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀, láàárín ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 28 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ṣùgbọ́n phenobarbital tí wọ́n ń lò fún wárápá lè ṣe é, carbamazepine lè ṣe é, nevirapine, oògùn HIV, náà wà níbẹ̀. Ìlàjì oògùn ayé ló funfun! Ẹgbẹẹgbẹ̀rún etí ti gbọ́ ẹkún obìnrin yìí, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó lè torí rẹ̀ gbé páálí oògùn kan kúrò lórí àtẹ. Ẹ má sọ pé ẹni tó wà nínú ìrora ni mò ń bá jà o. Àwọn tó ń ta ohùn náà látaré ni mo bá wí, tí kò sí ọ̀kan tó bi í pé, "Ìyá, páálí rẹ̀ dà?"

Ọmọ tí ara rẹ̀ ń ṣí, tí ojú tàbí ètè rẹ̀ wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má fún un ní oògùn náà mọ́. Gbogbo oògùn tó ti lò ni kí ẹ kó dání. Ìyẹn ò níyàn jíjà nínú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fíìṣì, ìwé tí a fi ń ròyìn oògùn tó gbòdì. Nǹkan mẹ́rin péré ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kó tó wúlò: ta ni oògùn gbòdì lára rẹ̀ (lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, ó tó), ta ló ń ròyìn, oògùn wo, kí ló sì ṣe. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọjọ́ tí ara yí padà, iye hóró lójúmọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó dá a dúró, gbogbo ìyẹn ló ń jẹ́ kó níláárí sí i. Ẹ ò ní láti mọ̀ dájú pé oògùn ló fà á. Ìfura ti tó, iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ni ìyókù. Nọ́ọ̀sì, dókítà, agbẹ̀bí, apòògùn, èyíkéyìí nínú wọn ló lè bá yín kọ ọ́, kó sì fi ránṣẹ́ sí ABMed, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ wa, Benin.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni nọ́mbà tó wà níwájú "Lot", èyí tó ń sọ àwọn oògùn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú plákẹ́ẹ̀tì kan, èyí tí wọ́n to hóró oògùn sí, ẹ yí i sí ìmọ́lẹ̀. Etí rẹ̀ kan ni wọ́n tẹ nọ́mbà náà sí. Nígbà mìíràn wọn kì í fi tàdáwà sí i, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ wọnú ni, ojú lásán ò tètè rí i. Ẹni tó ń ta oògùn lábẹ́ agboòrùn lọ́jà á fi sísọ́ọ̀sì gé hóró méjì fún yín. Nọ́mbà bá ẹlòmíràn lọ. Ní ilé ìwòsàn kéékèèké ńkọ́? Inú ike onígba hóró 1000 ni wọ́n ti ń ka oògùn sínú ọ̀rá pélébé, tí wọ́n á kọ "1-1-1" sára rẹ̀, láìsí orúkọ, láìsí nọ́mbà. Tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá gbòdì, kí la fẹ́ kọ? Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ oògùn àti nọ́mbà Lot sára ọ̀rá náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ìgò kékeré tí wọ́n fà á nínú rẹ̀ ni kí ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bá yín pa mọ́, ó kéré tán títí ọjọ́ kejì.

Àwọn kan á ní àṣejù ni. Ní 2022, ní Gáḿbíà, oògùn ikọ́ olómi tí diethylene glycol wà nínú rẹ̀ pa ọmọ tó lé ní 60. Àwọn ọmọ náà ò tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn ti kọṣẹ́. Irú májèlé bẹ́ẹ̀ lè wà nínú Lot kan kó má sí nínú èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà, páálí kan náà. Láìsí nọ́mbà, èwo lẹ fẹ́ kó kúrò lọ́jà?

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sọ́dọ̀ àwa òṣìṣẹ́ ìlera wàyí. Aláìsàn á wá sọ pé oògùn gbòdì lára òun, a ó ní, "Àgbo lo mu, àbí?" Ó tán síbẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ mìíràn, kò ní sọ fún wa pé òun mu àgbo, kò sì ní sọ pé oògùn gbòdì. Bẹ́ẹ̀ àgbo náà gan-an ní àyè tirẹ̀ lórí fíìṣì! Ọmọ tó lo metoclopramide torí èébì, tí ọrùn rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì, tí ojú rẹ̀ yí sókè, tí ahọ́n ń yọ, ilé àdúrà ni wọ́n ń gbé e lọ. Oògùn ló fà á, ó sì ní ẹ̀rọ̀ tó ń yá kíákíá.

Èyí tó dùn mí jù ni ti abẹ́rẹ́ artesunate. Ó ń gba ẹ̀mí là, ẹ má sá fún un. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ibà ti lọ, ẹ̀jẹ̀ àwọn kan máa ń ṣàdédé wálẹ̀: ara á funfun, ìtọ̀ á dúdú. Lọ́dọ̀ wa, a ó ní ibà ti padà. Áfíríkà la ti ń gún abẹ́rẹ́ yìí jù, síbẹ̀ ara àwọn arìnrìn-àjò díẹ̀ tó kó ibà padà sí Yúróòpù ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ hàn kedere, torí pé ẹnì kan níbẹ̀ mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti 1968 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń kó irú ìròyìn yìí jọ. Uppsala, ní Sweden, ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó sì ti lé ní mílíọ̀nù 30. Ẹyọ kan ò sọ nǹkan kan. Tí ogún ìròyìn bá jọra láti ìlú mẹ́ta, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á dìde. Tiwa ńkọ́ nínú rẹ̀?

Ìṣòro kan wà tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀. Ẹni tó kọ fíìṣì sábà máa ń dúró títí láìgbọ́ èsì, èyí kì í jẹ́ kó tún kọ òmíràn. Ẹni tó sì ra oògùn lójú títì mọ̀ pé òfin ò fàyè gbà á, ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má bi í pé ọwọ́ ta ló ti rà á, pàápàá tó bá jẹ́ ará ilé rẹ̀ ló ń tà á. Bẹ́ẹ̀ oògùn tirẹ̀ gan-an ló yẹ ká gbọ́ nípa rẹ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, kí lẹ máa ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó fi ń la ẹnu?