"Orí Ń Fọ́ Mi" Àbí "Ara Mi Ń Le"?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àná ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti iléèwé dé, ó ju báàgì sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, orí ń fọ́ mi." Kí n tó dìde, ìyá ọkọ mi ti gbá a lẹ́nu: "Má fi ẹnu ara rẹ fọ́ orí ara rẹ! Sọ pé ara rẹ ń le!" Ọmọ di orí mú, ó ń sunkún, ó ń wí pé ara òun ń le. Láti àná, tí mo bá bi í pé kí ló ń ṣe é, ojú màmá ló kọ́kọ́ ń wò. Kí ni kí n ní kó máa sọ? Mi ò fẹ́ bá màmá jà o.

Ajíhìnrere Tóbi: Màmá jàre. Ìwé Òwe 18:21 ti sọ ọ́, ikú àti ìyè wà lọ́wọ́ ahọ́n. Èmi kì í sọ pé "ẹ̀jẹ̀ ríru mi". Tèmi kọ́! Ẹni tó bá ti ní "àìsàn mi" ti tẹ́ ẹní fún un nìyẹn.

Ẹlẹ́rìn-ín Mushin: Láti òní lọ, mi ò ní "gbèsè mi" mọ́. Tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù bá dé, màá ní tèmi kọ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ìyá Ìbejì, ṣé ọmọ yẹn máa ń fún ojú pọ̀ tó bá ń wo pátákó? Ṣé ọjọ́ iléèwé nìkan lorí máa ń fọ́ ọ?
Ẹ̀yin "ara ń le", ẹ gbọ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan jókòó síwájú mi. "Bàbá, ara ńkọ́?" "A dúpẹ́, koko ni mo le bí ọta." Mo so ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá: 190 lórí 110. Mo tún bi wọ́n, wọ́n ní koko bí ọta. Ọmọ wọn ló yọ́ bá mi lẹ́nu ọ̀nà pé ojú ọ̀tún bàbá ti ń ṣú láti àárọ̀.

Ajíhìnrere Tóbi: Ìgbàgbọ́ bàbá ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ yín láàyè.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ọmọ wọn ló gbé wọn dé. Lórí ọ̀kadà.

Bàbá Ṣakí: Ẹ fi màmá yẹn sílẹ̀. Àwọn baba wa kì í la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ gbàràgàdà. Ọba kì í kú, ó wàjà ni. Tílẹ̀ bá ti ṣú lọ́dọ̀ wa, a kì í pe ejò lórúkọ, okùn ilẹ̀ là ń pè é. Tó o bá pè é, á jẹ́ ọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gidi: Ẹ̀gbọ́n, ejò tí kò létí lóde orí ló fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀? Torí àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Tó o bá ké "ejò!" lókùnkùn, gbogbo ilé á fọ́n ká, ẹnì kan á sá lọ tẹ̀ ẹ́ lórí.

Bàbá Ṣakí: Àbúrò, ìwé lo kà. Èmi, oko ni mo dàgbà sí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gidi: Ìjẹ̀bú ò ní oko ni? Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. A ń jẹun lẹ́yìnkùlé lábúlé, wọ́n ti mú iná lọ. Ìyá àgbà rọra ní, "Okùn ilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó o." Gbogbo àwa ọmọ ilé ká ẹsẹ̀ sókè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé dìde ní tiẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín ká a." Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti nawọ́! Ọmọ odó ni bàbá wa fi fọ́ ọ lórí. Ejò náà o, kì í ṣe ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, ejò là ń pe ejò nílé wa, ọ̀sán òun òru.

Bàbá Ṣakí: Irọ́. Okùn wo ló ń rìn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gidi: Mo ní wọ́n mú iná lọ!

Bàbá Ṣakí: Ẹ ò fi èdè tọ́ ọmọ, ẹ wá ń dá èdè lẹ́bi.

Ẹlẹ́rìn-ín Mushin: Ẹ kú ewu okùn o.

Àlàbí Peckham: Lórí ọ̀rọ̀ ara ń le yẹn. Mo mú màmá mi lọ bá dókítà ní London níbí, èmi ni mo ń ṣe ògbufọ̀. Dókítà ní láti orí 1 dé 10, báwo ni ìrora yín ṣe tó? Màmá ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n rí ìrora." Mo túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe rí. Dókítà kọ òdo sílẹ̀. A wá ń ti orúnkún tó wú bí ìkòkò bọ̀ wálé nínú bọ́ọ̀sì.

Ajíhìnrere Tóbi: ẸNU LAGBÁRA WÀ!

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn: Àrùn tá a bẹ̀rù orúkọ rẹ̀ jù ni ṣọ̀pọ̀nná. A pè é ní olóde, a pè é ní ilẹ̀ẹ́gbóná, kó má bàa bínú. Síbẹ̀, ó ń pa wá nígbà náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lé e lọ. Ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Ṣùgbọ́n ẹ má ní ọ̀rọ̀ ò lágbára o. Walter Cannon, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1942 pé ẹni tó bá gbà lọ́kàn rẹ̀ pé wọ́n ti sà sí òun lè ti ipa ìbẹ̀rù kú.

Ìyá Arúgbó Ọ̀tà: Ta ló ń pe orúkọ yẹn lóru yìí? Ẹ ní olóde!

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn: Ẹ má bínú, Mà. Ní Cuba, gbangba ni wọ́n ń pe òrìṣà tó ni ín ní Babalú Ayé. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kejìlá, àwọn kan á fi orúnkún wọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì kan ní El Rincón nítorí rẹ̀.

Ìyá Arúgbó Ọ̀tà: Cuba ò sí ládùúgbò mi.

Ọmọ Èkó: Ẹ ti gbàgbé Kòsọ́kọ́. Orúkọ àbíkú ni, pé ọkọ́ tí wọ́n fẹ́ fi gbẹ́lẹ̀ sin ín ò sí mọ́. Ó dàgbà, ó jọba Èkó ní 1845. Àfìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé e kúrò lórí oyè ní 1851. Orúkọ ṣiṣẹ́!

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Málọmọ́ mélòó ló lọ? Àwọn yẹn ò jọba, ẹ ò lè rí wọn kà. Ẹ lọ yẹ jẹ́nótáìpù yín wò kẹ́ ẹ tó fẹ́ra, kẹ́ ẹ má bàa bí ọmọ tó ní àrùn fọ̀níkúfọ̀ladìde, kẹ́ ẹ wá pè é ní àbíkú.

Ajíhìnrere Tóbi: MO NÍ ẸNU LAGBÁRA WÀ!!!

Ọlọ́jà Gbági: Èmi ò mọ̀ ọ́n ní ìwé. Lọ́jọ́ tí ọjà ò bá tà, tí wọ́n bá kí mi pé ajé á wọgbá, àṣẹ ni mò ń ṣe, tẹ̀ríntẹ̀rín. Tí n bá fẹnu mi sọ pé ọjà kú, ọmọ tó ń bá mi tajà á ti máa palẹ̀ mọ́ láago mẹ́rin. Aago márùn-ún àbọ̀ sì ni oníbàárà tó ra aṣọ ẹbí lọ́jọ́sí wọlé.

Ẹlẹ́rìn-ín Mushin: Ọ̀gá mi náà kì í ní owó ò sí. "Owó ń bọ̀ lọ́nà" ni. Oṣù kẹta rèé, ó jọ pé ẹsẹ̀ lowó yẹn ń fi rìn.

Bàbá Ṣakí: Gbogbo èyí ò ní kí ejò má jẹ́ okùn ilẹ̀ lóru.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gidi: Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sùn.

Bàbá Ṣakí: Èmi lò ń ní kó lọ sùn? Ta ni bàbá ẹ ní Ìjẹ̀bú?

Ìyá Ìbejì: Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìbéèrè yín lókè ni. Mo bi í kó tó sùn. Ó ní ẹ̀yìn kíláàsì lòun ń jókòó, 3 àti 8 kì í yàtọ̀ lójú òun lórí pátákó. Mo ní kí ló dé tí ò sọ? Ó ní màmá àgbà á ní òun ń fọ́ ojú ara òun.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ gbé e lọ yẹ ojú wò láàárọ̀ Ajé. Ẹ sọ fún tíṣà kó gbé e wá síwájú.

Ajíhìnrere Tóbi: Ojú rẹ̀ ti dá ṣáká! Ẹ máa sọ ọ́!

Bàbá Ṣakí: Ọmọ Ìjẹ̀bú, o ò tíì dá mi lóhùn. Ta ló ń gbé àdá dání nídìí oúnjẹ alẹ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gidi: Ọmọ odó! Mo ní ọmọ odó!