Owó dẹ́rẹ́bà kọ́ ni owó mọ́tò

Èrò ọkàn mi rèé. Àwọn tó ń ṣẹ̀dá orin ní Ìkòròdú ń retí kí róyálítì, ìyẹn owó tó tọ́ sí wọn nígbà tí ẹlòmíràn bá lo orin wọn, wá bá wọn nílé. Kò ní wá. Ìwé tí báǹdì bá to orúkọ àwọn orin tí wọ́n ṣe sí ló ń mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ẹ wo gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan ní Sábọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Báǹdì ń kọ orin olórin, wọ́n ń náwó fún wọn. Owó yẹn, ti báǹdì ni. Ọ̀dọ̀ onígbọ̀ngàn ni ti ẹni tó ṣẹ̀dá orin ti ń wá: owó láíṣẹ́ńsì (owó ìyọ̀ǹda láti lo orin) tó yẹ kó san fún ẹgbẹ́ agbowó-orin tí ìjọba fọwọ́ sí. Bí onígbọ̀ngàn bá ní ṣebí wọ́n ti sanwó báǹdì, ẹ dá a lóhùn pé owó dẹ́rẹ́bà kọ́ ni owó mọ́tò. Kódà lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣẹ̀dá orin, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ (Copyright Act) ti 2022 ní Nàìjíríà fún àwọn ajogún rẹ̀ ní 70 ọdún sí i.

Ẹ kọ́kọ́ forúkọ orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà: orúkọ yín bó ṣe wà ní báńkì, orúkọ orin, àti orúkọ tí aráàlú ń pè é (ègbè nìkan ni ọ̀pọ̀ mọ̀). Àpapọ̀ ìpín gbogbo àwọn tó ni orin gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 géérégé nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ bá ní 60 ni tòun, tí ẹni tó gbé ohùn sí i náà ní 60, owó á dúró sọ́hùn-ún títí wọ́n á fi parí ìjà. Ẹ má fi ISRC pe ISWC o. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni méjèèjì: ISRC jẹ́ ti rẹ́kọ́ọ̀dù, ISWC jẹ́ ti orin fúnra rẹ̀. Nígbà tí báǹdì bá sì ń kọrin lójúkorojú, ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù ò ní ìpín níbẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù nìyí: àwọn báǹdì wa kì í parí orin kan kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn. Gángan á dún lẹ́ẹ̀kan, orin ti yí padà. Láàárín wákàtí kan, wọ́n lè ti gba inú ogún orin kọjá. Bí ìwé bá wá sọ pé “jùjú, 60 ìṣẹ́jú”, ta ni kí ẹgbẹ́ sanwó fún? Orin kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n kọ: orúkọ rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, iye ìṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ orin yín lẹ kọ fúnra yín, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ náà, ẹ̀tọ́ yín ni.

Olórí báǹdì ò ráyè, ẹni tó ń ṣa owó nílẹ̀ ò ráyè rárá. Ọmọ tó jókòó nídìí míksà, ẹ̀rọ tó ń darí ohùn, ló yẹ iṣẹ́ yìí. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fún un ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà sí i, kó fi ìwé orin náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kí wọ́n tó tú ẹ̀rọ.