Sforzato kì í ṣe wáìnì dídùn o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín in kiri pé Sforzato tó ń wá láti Valtellina ní Ítálì máa ń dùn bí oyin torí pé èso àjàrà gbígbẹ ni wọ́n fi ń ṣe é, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Òótọ́ ni pé wọ́n ń sá èso yẹn, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí títí á fi hunjọ, omi ara ẹ̀ á dín kù, ṣúgà ẹ̀ á wá pọ̀. Àmọ́ yíìsì ló máa jẹ ṣúgà yẹn tá á sọ ọ́ di ọtí, òfin sì ní ọtí inú wáìnì náà gbọ́dọ̀ tó 14% ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá tọ́ ọ wò, ẹnu yín á fún pọ̀ bí ìgbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì.

Ẹ tún ní òkè Alps, níbi tí Valtellina wà, tutù jù fún àjàrà pupa. Rárá! Àjàrà pupa tó ń jẹ́ Nebbiolo ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, Chiavennasca làwọn ará ibẹ̀ ń pè é, ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí gúúsù ló wà, oòrùn ń pa á dáadáa, ògiri òkúta tí wọ́n tò láìlo sìmẹ́ǹtì ló gba ilẹ̀ ró, òkúta yẹn á sì gba ooru mọ́ra dalẹ́. Ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a, iṣẹ́ ńlá gbáà ni.

Ẹ má gbé e ti kéèkì o, ẹran ìgbẹ́ tó pẹ́ lórí iná tàbí wàràkàṣì Bitto tó ti gbó ló bá a lọ. Pizzoccheri ní tiẹ̀, ìyẹn tálíà dúdú tí wọ́n ń fi kábéèjì àti pòtétò sè, Rosso di Valtellina, ìyẹn wáìnì pupa ibẹ̀ tó fúyẹ́, ni kẹ́ ẹ fi tì í.