Kọ́mà inú R níṣẹ́ tó ń ṣe

Mo ti rí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí: wọ́n ní nínú R, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò lórí dátà, `cars[2]` àti `cars[, 2]` kò yàtọ̀ síra (`cars` jẹ́ tábìlì dátà kan), pé ẹni tó bá wù lè yọ kọ́mà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé àwọn nọ́ńbà kan náà ló ń jáde, ti òpó (column) kejì. Ohun tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ló yàtọ̀. `cars[2]` á fún yín ní tábìlì, tábìlì olópòó kan. `cars[, 2]` ní tirẹ̀ á yọ òpó náà kúrò nínú tábìlì, á sì kó nọ́ńbà 50 lásán lé yín lọ́wọ́.

Ẹ dán an wò. Inú R ni `cars` wà látilẹ̀. Ẹ tẹ `mean(cars[, 2])` láti wá ìpíndọ́gba, ẹ ó rí 42.98. Ẹ wá tẹ `mean(cars[2])`: NA (ìyẹn ni pé kò sí ìdáhùn) ló máa jáde, pẹ̀lú ìkìlọ̀. Ibí gan-an ló ń dùn mí, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á rò pé dátà òun ló bàjẹ́. `class()` á sọ irú ohun tó wà lọ́wọ́ yín.

Iwájú kọ́mà ni ti ìlà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ti òpó. `cars[2, ]` á mú ìlà kejì wá: 4 àti 10.

Bí ẹ bá fẹ́ lo kọ́mà kí tábìlì má sì tú, ẹ kọ `cars[, 2, drop = FALSE]`. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tibble, irú tábìlì mìíràn nínú R, ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ń lò, nítorí níbẹ̀, tábìlì ni méjèèjì ń mú wá.