Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jáde kúrò nínú kíláàsì

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Kábà, Ìjùmú, Bùnú àti Yàgbà, okun o. Èrò ọkàn mi rèé, mo sì bẹ gbogbo ẹni tó ní ọmọ nílé-ìwé kó kà á dópin.

Ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìtàn ń dùn mí. Ìwé ọ̀tọ̀, tíṣà ọ̀tọ̀. Ọmọ á há méjèèjì sórí, á lọ dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ó parí. Bẹ́ẹ̀, lórí ilẹ̀, wọn kì í yà.

Ẹ wo igbó Old Oyo National Park, tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dáàbò bò lọ́dún 1991. Àgbọ̀nrín àti ẹfọ̀n ń jẹ̀ nínú rẹ̀. Inú igbó yẹn kan náà ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, ìlú tí ẹṣin ogun rẹ̀ dé Dahomey, ilẹ̀ tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí. Nígbà tí ogun tú u ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840, àwọn èèyàn ṣí lọ, igi hù sójú ilé, ẹranko gba ojú ọjà. Kí ọmọ dúró síbẹ̀ kó béèrè pé kí ló dé tí igbó fi bo odi ìlú, kí ló dé tí àpáàdì fi wà lábẹ́ igi ńlá. Ìbéèrè sáyẹ́ǹsì ni, ìtàn ló ni ìdáhùn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì kò lè kọ́ ọmọ ní irú ẹ̀ yẹn láéláé.

Kainji náà ńkọ́? Omi ìsédò (dáàmù) tí wọ́n parí lọ́dún 1968 ló bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, níbi tí Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò, kú sí lọ́dún 1806. Ní ẹ̀gbẹ́ adágún yẹn ni igbó Kainji Lake National Park wà, erinmi sì ń bẹ nínú odò Oli tó wà nínú rẹ̀. Iná mànàmáná, ẹja, ẹranko, ìlú tí wọ́n kó kúrò ní ìdí orírun rẹ̀: ibì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ pàdé.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé ọ̀nà kò dára, ajínigbé sì wà. Òótọ́ ni. Èmi náà kò ní gbà kí wọ́n kó ọmọ ọlọ́mọ gba ọ̀nà tí ọkàn kò balẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Ṣé a ò ní àpáta ni? Àwọn àpáta tó yí wa ká ní Ògìdì ti wà láti ohun tó lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Kí ọmọ fọwọ́ kàn án, kó rí bí oòrùn àti òjò ṣe ń bó o ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, bí koríko ṣe ń fi gbòǹgbò wá ojú sísán, títí òkúta fi di erùpẹ̀ tí a ń gbin iṣu sí. Tó bá wá rí pèrègún àti akòko níbi tí ilé kankan kò sí, kí tíṣà bi í pé ta ló gbìn wọ́n. Ó lè jẹ́ àwọn baba wa ni, torí ọ̀pọ̀ wọn ló sá gun orí òkè nígbà tí ogun Núpé ń kó wọn lẹ́rú.

Ní Ìfẹ̀-Ìjùmú, ihò àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Itaakpa. Àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ rí egungun èèyàn níbẹ̀ tó ti lé ní 2,000 ọdún. Nínú ilẹ̀ wa níbí o! Ó dùn mí dé egungun pé ọmọ Ìjùmú lè ka ìwé jáde ní sẹ́kọ́ńdírì láìgbọ́ orúkọ ihò yẹn rí.

Ẹ̀yin pírínsípà àti ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá tún ṣèpàdé, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Ọjọ́ kan péré ní táàmù kan. Kí tíṣà sáyẹ́ǹsì àti tíṣà ìtàn jọ lọ, kí ẹ bẹ ọdẹ àgbà kan tó mọ igbó kó ṣáájú, kí ẹ sì sọ fún baálẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ má kó ráìsì àti ẹ̀rọ orin dání. Ìwé, bíró, omi mímu, àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ nítorí ejò, ó ti tó.