Irọ́ ni pé “bí ìyà bá ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, ìbá ti kúrò”

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Àbújá dájọ́ ikú fún Peter Nwachukwu lórí ikú ìyàwó rẹ̀, Osinachi, akọrin ìhìnrere tí ọ̀pọ̀ wa ti fi orin rẹ̀ jọ́sìn rí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022 tí obìnrin náà ti kú ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn nílẹ̀. Nígbà tí ìdájọ́ dé, ó tún gba ẹnu gbogbo ayé. Ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n sọ ọ́ ní Ọjà Ọba, wọ́n sọ ọ́ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn onídìrí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ adájọ́, wọ́n ṣépè fún ọkọ, wọ́n káàánú àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan yóò wá mí kanlẹ̀, á ní: “Òun náà ńkọ́? Ṣé wọ́n dè é mọ́lẹ̀ ni? Bí ìyà bá ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣebí ìbá ti kúrò.” Àwọn tó kù á sì mi orí.

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́ tí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ pa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ jẹ́ ìyá rere àti baba tó bẹ̀rù Ọlọ́run, ikú náà sì dùn wọ́n dọ́kàn. Ṣùgbọ́n irọ́ yìí ń pa ènìyàn, nítorí ó ń mú wa gbà pé bí obìnrin bá ti jáde nílé ọkọ, ewu ti tán. Ìgbà tó bá ń jáde gan-an ni ewu ń le jù.

Ní ọdún 2003, Jacquelyn Campbell, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí ńlá kan jáde. Ìlú 11 ni wọ́n ti kó ìtàn àwọn obìnrin tí ọkọ tàbí olólùfẹ́ wọn pa jọ, wọ́n sì fi ìtàn wọn wé ti àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù ṣùgbọ́n tí ẹ̀mí wọn kò bọ́. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ya ìkíní kúrò lára ìkejì. Ohun tí wọ́n rí ni pé níbi tí ọkùnrin bá ti jẹ gàba lórí gbogbo ìrìn obìnrin, tí obìnrin náà wá kó jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ gbé, ewu pé yóò pa á lọ sókè ní ìlọ́po 9. Ẹ tún un kà. Kíkó jáde, ohun tí gbogbo wa ń pariwo pé kó ṣe, ló wà nídìí ìlọ́po 9 yẹn, pẹ̀lú irú ọkùnrin tó kó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ohun tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ dì mú jù ni àṣẹ: pé òun ló ni obìnrin yìí, òun ló mọ ibi tó ń lọ, òun ló sọ ìgbà tó máa dé. Bí obìnrin náà bá ṣì wà nínú ilé, tó ń bẹ̀bẹ̀, tó ń tún ara ṣe, àṣẹ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá di ẹrù rẹ̀, àṣẹ ti bọ́. Ọ̀pọ̀ wọn á sunkún, wọ́n á kó alàgbà ìjọ wá bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ra aṣọ. Àwọn kan nínú wọn á jókòó, wọ́n á gbèrò.

Mo ní wọ́n á gbèrò, nítorí ìgbàgbọ́ kejì tó máa ń tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ ni pé “inú ló bí i lójijì, iṣẹ́ Èṣù ni.” Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jane Monckton Smith, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n, yẹ irú ikú bẹ́ẹ̀ 372 wò, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Ó rí i pé wọ́n jọra bí ẹni pé ẹnìkan ló kọ ìtàn wọn. Ìjẹgàba ló ń ṣáájú, kì í ṣe ìbínú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan kan á ṣẹlẹ̀ tí ọwọ́ ọkùnrin náà á fi máa yọ lára obìnrin, ìyapa tàbí ọ̀rọ̀ ìyapa ló sì sábà máa ń jẹ́. Ìhalẹ̀ á wá le sí i, èrò ikú á wọlé, ètò á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé lójijì ni, ọjọ́ tó kẹ́yìn nìkan ló mọ̀.

Kí ni ìjẹgàba yìí jọ lójú wa níbí? Ibi tí a ti ń ṣìnà jù nìyí, nítorí a ti kọ́ ara wa láti máa wá ojú àpá. Bí kò bá sí ojú tó wú, bí ètè kò bá ya, a ó ní kò sí nǹkan kan. Ọkọ kan máa ń fi mọ́tò gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Alágbàká láràárọ̀, aago mẹ́rin gééré ló ti dé ẹnu géètì láti gbé e padà. Gbogbo àdúgbò ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọbìnrin wọn ní irú rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé obìnrin náà kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni rìn dé ìdí ọsàn tó wà lójú títì. Bí ó bá lọ sí Ọjà Ọba, ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí títà àti rírà fi gbà á ní wákàtí méjì. Kò lè fi nọ́ńbà àṣírí ti fóònù rẹ̀ pamọ́. Orí fóònù ọkọ ni alẹ́ẹ̀tì owó oṣù rẹ̀ ń wọlé sí, káàdì ATM rẹ̀ sì wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì ọkọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kò wá mọ́ nítorí wọ́n ní ó ń kọ́ ọ ní ìkọkúkọ. Ìyá rẹ̀ gan-an, tó ń gbé ní Oǹdó, tí kì í ju ìrìn wákàtí kan lọ, ó di kí wọ́n gbàyè kó tó lè rí i. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wọlé, bí okùn tí wọ́n ń fà mọ́ ẹran lọ́rùn. Nígbà tí yóò fi mọ̀, kò sí ẹni tó lè pè.

Òfin wa kò fi ojú kékeré wo nǹkan wọ̀nyí o. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó tako ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí a mọ̀ sí VAPP, ti ọdún 2015, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ya ènìyàn nípá kúrò lára ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, láti gba agbára owó lọ́wọ́ rẹ̀, láti máa ṣọ́ ọ kiri, láti lé e jáde nílé ní ipá. Ní ọdún 2021, ìpínlẹ̀ Oǹdó náà fọwọ́ sí tirẹ̀. Ìjẹgàba tí kò ní ẹgba nínú ti di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin níbí. Òfin náà kò sì sọ pé obìnrin nìkan ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn ọkùnrin kan wà tí aya wọn ń fi ojú wọn rí màbo, àwọn náà lè gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Àwọn tó bá dàgbà díẹ̀ ní Àkúrẹ́ kò yẹ kó gbàgbé ọdún 2010. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún náà, Déjì ìgbà yẹn, ọba Àkúrẹ́, lọ bá olorì rẹ̀ kan, tí wọn kò jọ gbé mọ́, ní ibi tí olorì náà ń gbé. Ìjà ṣẹlẹ̀ ní gbangba, obìnrin náà fara pa débi tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì di ohun tí gbogbo Nàìjíríà ń kà nínú ìwé ìròyìn. Ní oṣù kẹfà, ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò rọ ọba náà lóyè. Ariwo tó gbòde nígbà náà dá lórí ìtìjú tó bá ìtẹ́ àti ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún ọba. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ìtẹ́ ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí a kò fi ṣe ẹ̀kọ́: obìnrin náà kò gbé ààfin mọ́. Ó ti ṣe ohun tí à ń sọ pé kí gbogbo obìnrin ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú ẹjọ́ kan wá láti ilẹ̀ òkèèrè, nítorí inú rẹ̀ ni ìdájọ́ aráyé ti yí padà lójú wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Sally Challen, fi òòlù pa ọkọ rẹ̀. Ní ọdún 2011 wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n gbére fún ìpànìyàn, aráàlú sì ní òjòwú obìnrin ni. Ohun tí ilé ẹjọ́ kò gbọ́ yékéyéké nígbà náà ni bí ọkọ rẹ̀ ti ṣe jẹ gàba lé e lórí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdébìnrin. Ó ti kúrò nílé ọkọ yìí ní ọdún 2009, ó tún ń wá bí àwọn méjèèjì yóò ṣe padà bá ara wọn rẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà nítorí ẹ̀rí tuntun àwọn dókítà ọpọlọ. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí ìpànìyàn tí kò tó ti àkọ́kọ́, wọ́n sì dá a sílẹ̀ nítorí ó ti ṣẹ̀wọ̀n tó. Kò sí ẹni tó sọ pé ohun tó ṣe dára, àwọn ọmọ rẹ̀ tó dúró tì í náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló ń sọ fún ayé pé àwọn fẹ́ràn baba àwọn, àmọ́ àwọn rí ohun tó ń ṣe fún ìyá àwọn. Láti ìparí ọdún 2015 ni irú ìjẹgàba bẹ́ẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún 5 dání.

Ẹ wá bi mí pé kí ló dá a dúró. Ẹ̀yin ni ẹ dá a dúró, èmi náà sì wà lára ìran tó ń dá a dúró. Ta ló sọ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni? Nígbà tó kọ́kọ́ sá wálé, ta ló pe ìpàdé ẹbí, tí wọ́n fi ẹ̀bẹ̀ dá a padà nítorí ọmọ? Ta ló ń pe àǹtí tó padà wálé ní dálémoṣú lẹ́yìn tó bá ti kọjá? Nígbà tí Osinachi kú, ẹbí rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn ti ní kó kúrò, ó sì ní Ọlọ́run kò fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ ní èyí wà ní gbogbo ìjọ tí mo mọ̀, kì í ṣe ní Àbújá nìkan. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ owó tún wà. Onílé ní Ìjàpó tàbí Òkè-Àró kì í fi yàrá sílẹ̀ láìgba owó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí káàdì ATM rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkọ kò sì lè rí i. Ìbẹ̀rù tó ń dá a dúró kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ó mọ ọkùnrin náà jù wá lọ, ó sì mọ ohun tó sọ pé òun máa ṣe bí ó bá kúrò.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kó jókòó. Kó kúrò, ṣùgbọ́n kó má ṣe kúrò bí a ti ń sọ fún un nínú ìbínú, pé kó di ẹrù rẹ̀ lálẹ́ òní kó sì sọ fún ọkọ pé òun ti tán. Kó má sọ fún un rárá. Kó ti kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ìwé ọjọ́ìbí àwọn ọmọ àti owó kékeré sí ọwọ́ ẹnìkan tí ọkọ kò fura sí. Kó yan ibi tí ọkọ kò mọ̀ dípò ilé bàbá rẹ̀ tí ọkọ mọ̀. Kó fòpin sí gbogbo ohun tó ń fi ibi tó wà hàn lórí fóònù. Ilé ẹjọ́ lè fún un ní àṣẹ ìdáàbòbò tí yóò ní kí ọkọ má sún mọ́ ọn, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, FIDA, sì wà ní ìpínlẹ̀ yìí, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń gbógun ti irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀ náà wà. Bí ọkọ bá ti fún un lọ́rùn rí, ẹ̀ẹ̀kan péré náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2008 rí i pé ewu pé wọn yóò pa obìnrin tí wọ́n ti fún lọ́rùn rí lé ní ìlọ́po 7 ti obìnrin mìíràn tí ọkọ ń lù ṣùgbọ́n tí kò fún lọ́rùn rí.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà tìrẹ ló kàn lóru, tó gbé ọmọ sẹ́yìn, kó o má ṣe gbé fóònù láti pe ọkọ rẹ̀ pé “ẹ má dààmú, ìyàwó yín wà lọ́dọ̀ wa.”